Ògiri Keje

Ẹfúnṣeyì ló já ewé náà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ìtòkò,
ewúro tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbìn kí wọ́n tó da kọnkéré sí àgbàlá.
Ó fi ìwé ìdánwò ọmọ rẹ̀ wé e,
ó ní, "Ohun tó korò tó báyìí,
ta ló lẹ́nu láti jẹ ẹ́?"

Àmì wà lára ewé, róbótó róbótó, rúsúrúsú létí,
funfun láàárín bí ojú ẹyẹlé.
Mo gbé e lé itan títí dé Alábàtà
bí ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ.

Lábẹ́ awò, olú ni.
Kì í ṣe olú tí à ń wú lẹ́bàá ọ̀gán;
èyí, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè jókòó sórí èékánná ọmọ tuntun.
Hóró rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́,
bí ilé gbọọrọ tí wọ́n pín sí yàrá yàrá,
ògiri fẹ́lẹ́ láàárín yàrá àti yàrá,
kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé ti sọ ọ́ lórúkọ
nígbà tí mo ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi.
Pẹ́ńsù tó fi ọ̀bẹ gbẹ́ lẹ́nu ló fi yà á.
Ó ka igba hóró, ó wọn igba hóró,
ó kọ ọ́ sílẹ̀: ògiri mẹ́fà.
Ti ewúro, ti ebòlò, ti yánrin,
ògiri mẹ́fà, orúkọ kan.
Ojú la fi ń mọ ìlà, ìlà la fi ń mọ ilé:
bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bó ṣe kọ́ wa nìyẹn.

Èmi lọ olú náà kúnná,
mo ń wá ìlà tí kò sí lójú.
Iná lọ ní agogo méjì. Mo sáré ra yìnyín
lọ́wọ́ ẹlẹ́ja ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀;
DNA sùn mọ́jú nínú òórùn kòtẹ́.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ìbàdàn fèsì:
A, T, G, C, ẹgbẹ̀ta lẹ́tà láìsí àmì ohùn kan,
ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tilẹ̀ sí nínú ábídí wa.
Ti ebòlò bá ti yánrin mu.
Ti ewúro yà.
Ó yà bí ẹni tó ti ìlú mìíràn wá,
tó kàn bá wọn sá pamọ́ sábẹ́ òkúta kan náà,
bí àwa náà, Ìjẹmọ̀, Ìkìjà, Òwu,
tí àlejò ń fi orúkọ ẹyọ kan pè.

Mo lọ bá Ọ̀gá nílé ní Ìbarà.
Kùrukùru ti bo ojú rẹ̀ kan.
Mo ti to àwíjàre sẹ́nu.
Ó ní, "Ògiri mélòó lo kà?"
Mo ní mẹ́fà.
N kò kà á. Ìwé rẹ̀ ni mo kà.
Ó ní kí n mú ìwé àtijọ́ náà wá, èyí tí ikán ti jẹ létí,
kí n gbé ojú ewé kọkànlélógójì sí oòrùn.
Níbẹ̀, ní ìdí hóró ewúro,
ìlà kan wà tí wọ́n fi rọ́bà pa rẹ́.
Bébà ti fẹ́lẹ́ níbẹ̀.

"Mo rí i," ó wí. "Èmi nìkan ló rí i,
wọ́n sì ń dúró de ìwé."
Ó mu omi.
Ó béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Alábàtà.

Lóru, mo padà sídìí awò, mo kà á fúnra mi.
Mẹ́fà. Mẹ́fà. Mẹ́fà.
Méje.
Méje, nísàlẹ̀ pátápátá, fẹ́lẹ́ bí èémí.

N kò tíì sọ ọ́ lórúkọ. Mo kọ ọ́ sára páálí:
Ìtòkò, ewúro, nọ́ńbà kẹrìnlá.
Ẹfúnṣeyì pè mí: "Ẹ ti mọ̀ ọ́n?"
Mo ní a ti mọ ẹni tí kì í ṣe.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
Ó ní, "Ó dáa. Ó ṣì ń jẹ ẹ́ o."